Wọ́n Da Erùpẹ̀ Sókè: Bí Machakos Ṣe Gba Ilẹ̀ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àgbàrá

Ní ọdún 1937, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Colin Maher, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Kenya, lọ wo ilẹ̀ àwọn Akamba ní Machakos, ó sì kọ ìròyìn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá bí àgbàrá kò ṣe ní í kó ilẹ̀ lọ. Ìròyìn náà le. Ó ní ilẹ̀ ọ̀hún ti ń di aṣálẹ̀ àpáta, òkúta àti yanrìn, àti pé òṣì tí kò ní ọ̀nà àbáyọ ni àwọn tó ni ín ń lọ bá. Kò parọ́ ohun tó fojú rí. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà níbẹ̀ lọ́dún náà ṣì wà: òkè pípá, koríko tí ẹran ti jẹ dé gbòǹgbò, kòtò jíjìn tí omi òjò fúnra rẹ̀ gbẹ́.

Ní 1991, àwọn olùwádìí padà lọ síbẹ̀. Wọ́n wá ojúkò ibi tí ẹni tó ya fọ́tò àkọ́kọ́ dúró sí, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n tún un yà. Òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n igi ti pọ̀ sí i lórí rẹ̀, ilé pọ̀ sí i, ara òkè sì ti di ìpele-ìpele láti ìsàlẹ̀ dé òkè, oko lé oko lórí. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti èrò. Ní nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ènìyàn ẹkùn Machakos tó bí 240,000. Nígbà tó fi máa di 1990 wọ́n ti sún mọ́ 1,400,000. Ibi tí wọ́n ní ènìyàn ti pọ̀ jù fún ilẹ̀, ènìyàn di ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ kò sì di aṣálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ìtàn yìí kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n á ní ìjọba kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gé òkè sí ìpele, àgbẹ̀ gbọ́, ilẹ̀ sì bọ̀ sípò. Ó dùn létí, ó sì rọrùn fún ẹni tó fẹ́ tọrọ owó iṣẹ́ àkànṣe. Àwọn Akamba kan náà tí wọ́n gbẹ́ ìpele wọ̀nyí ni wọ́n kórìíra ìpele bí ẹní kórìíra ikú fún ọdún bíi mélòó kan. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ àgbàrá bi ara rẹ̀ nìyẹn, torí pé ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnjiníà.

Ibi tí àgbàrá ti wá

Ìlú Machakos wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Nairobi, kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ. Ó ṣáájú Nairobi gan-an: ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fìdí sí ní 1889, ọdún mẹ́wàá kí ọkọ̀ ojú irin tó sọ Nairobi di ibùdó. Òkè ló yí i ká, Iveti, Mua, Mbooni, orí òkè wọ̀nyí tutù, wọ́n sì ń rí òjò tó tó 1,000 mílímítà lọ́dún. Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ìlà-oòrùn, òjò á máa dín, títí á fi wà lábẹ́ 600. Ẹ fi wé Ìbàdàn tó ń rí 1,200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kékeré náà kò bá ṣòro fara dà tí kì í bá ṣe bó ṣe ń rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, láti March sí May, lẹ́yìn náà láti October sí December. Láàárín méjèèjì, oòrùn á ti jó ilẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹran á ti jẹ gbogbo koríko tán, àgbẹ̀ á sì ti túlẹ̀ sílẹ̀ de òjò. Ìhòòhò ni ilẹ̀ wà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá dé, òjò náà kì í sì í ṣe òjò wínníwínní. Kíkán rẹ̀ á lu erùpẹ̀ pa pọ̀ títí ojú ilẹ̀ á fi dì, omi kò ní í rí ibi wọlẹ̀ mọ́, ó di pé kó máa sàn. Bó bá sàn lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́, bó ṣe ń lọ ló ń kó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń yára sí i. Orí ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kó lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rá ilẹ̀ wà. Àgbẹ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: erùpẹ̀ lọ, omi tí ì bá mu àgbàdo rẹ̀ dàgbà náà lọ.

Maher mọ èyí dáadáa. Ohun tí kò tẹnu mọ́ ni ẹni tó há àwọn Akamba mọ́ orí òkè yẹn. Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ kan bá rẹ̀, wọ́n á kó ẹran lọ sí ibòmíràn, koríko á hù padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n fa ààlà, wọ́n ní inú rẹ̀ ni kí Akamba máa gbé. Apá kan àwọn Òkè Mua bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó àgbẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Yatta, níbi tí wọ́n ti ń da ẹran tẹ́lẹ̀, ìjọba ní kí wọ́n má débẹ̀ láìgba àṣẹ. Ènìyàn ń bímọ, màlúù ń bímọ, ààlà kò sún. Lẹ́yìn èyí ni òyìnbó wá sọ pé ẹran yín ló pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba gbé kò kan yàrà tàbí ìpele rárá. Màlúù ni wọ́n dojú kọ. Ní 1938 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára kó ẹran àwọn Akamba, wọ́n ń tà wọ́n ní gbàǹjo ní owó pọ́ọ́kú, ilé iṣẹ́ ẹran kan sì ti wà ní Athi River tó ń retí màlúù tí yóò pa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Muindi Mbingu kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Nínú oṣù July ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, rìn wọ Nairobi, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí gómìnà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Wọn kò ju òkúta. Wọ́n kàn jókòó ni. Ìjọba mú Muindi Mbingu, wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Lamu ní etí òkun, àmọ́ wọ́n jáwọ́ nínú kíkó ẹran. Ogun Hitler ń bọ̀ lọ́nà, àwọn Akamba sì wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé jù fún iṣẹ́ ológun. Ta ló fẹ́ bá irú wọn jà lásìkò yẹn?

Ìpele tipátipá

Lẹ́yìn ogun, owó dé. Láti 1946 ni ìjọba ti gbé ètò ńlá kan kalẹ̀ fún ìdàgbàsókè ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, Machakos sì gba ìpín tó jọjú nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, yíyà ilẹ̀ sí ìpele ni wọ́n gbájú mọ́. Àṣẹ ni. Ìjòyè tí ìjọba fi jẹ á pe ìlú jáde, gbogbo ilé á gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n á lọ gbẹ́ yàrà lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá tọ́ka sí. Ẹni tí kò bá jáde á sanwó ìtanràn.

Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ á mọ ibi tí irú èyí ń já sí. Ilẹ̀ ẹlòmíràn lò ń gbẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, o ò sì mọ ìgbà tó máa kan tìẹ. Ìdààmú tó tún wà lọ́kàn wọn ni pé bí àwọn bá tún ilẹ̀ ṣe tán, òyìnbó lè gbà á. Ṣé wọn kò ti gba ti òkè Mua ni? Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òpè.

Kì í ṣe Machakos nìkan. Ní Murang'a, lápá ibi tí àwọn Kikuyu wà, àwọn obìnrin kọ̀ jálẹ̀ ní 1947 pé àwọn kò gbẹ́ ìpele mọ́. Ní Tanganyika, tó di ara Tanzania lónìí, lórí àwọn Òkè Uluguru, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n gé òkè tó ga fíofío sí ìpele, ilẹ̀ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gé e, erùpẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá ló ń bọ́ sójú, ohun tí wọ́n bá gbìn kì í ṣe dáadáa. Àgbẹ̀ rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí òun ṣe ń dín ìkórè òun kù. Ní July 1955, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn, ẹnì kan kú, ìjọba sì pa ètò náà tì. Ẹ fi ti Uluguru yìí sọ́kàn. Ìpele tí a gbé ka ilẹ̀ tí kò yẹ lè ba oko jẹ́ ju àgbàrá tó fẹ́ dá dúró lọ.

Yàrà méjì, erùpẹ̀ kan

Irú yàrà tí ìjọba kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa gbẹ́ ní Machakos rọrùn láti gbẹ́. O máa là á gba ìbú oko kọjá, o sì máa da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ń dà sí. Apá kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, torí erùpẹ̀ náà fúnra rẹ̀ fẹ́ yí lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òjò máa ṣe. Omi ń bọ̀ látòkè, ó ru erùpẹ̀ oko dání. Yàrà ló máa kọ́kọ́ kàn, inú rẹ̀ ló sì máa tú ẹrù rẹ̀ sí. Òjò mélòó kan péré, yàrà ti kún. Omi tó bá tún dé á gun orí òkìtì kọjá, á wá ibi tó rọ̀ jù lára rẹ̀, á ya á, ibi tó ya yẹn ni kòtò tuntun máa ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ á wá máa kó erùpẹ̀ kúrò nínú yàrà lọ́dọọdún, oko rẹ̀ kò sì ní í tẹ́jú ju bó ṣe wà lọ.

Èkejì ni èyí tí gbogbo Ìlà-oòrùn Áfíríkà wá mọ̀ sí fanya juu, tí í ṣe "ṣe é sókè" ní èdè Swahili. Àwọn ọdún 1950 ló gbilẹ̀ ní Machakos. Yàrà kan náà ni, ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀ àti 60 ní jíjìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé o máa da erùpẹ̀ sí apá òkè lọ. O máa fi àyè bí ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín etí yàrà àti òkìtì, kí erùpẹ̀ má baà ya padà sínú kòtò, o sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní báyìí, òkìtì wà lókè, yàrà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń bọ̀, òkìtì ló máa kọ́kọ́ gbá. Ó máa dúró síbẹ̀, erùpẹ̀ tó rù á jókòó sẹ́yìn òkìtì, omi á máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ráyè kọjá á bọ́ sínú yàrà, á sì rì síbẹ̀. Lọ́dún kan, méjì, mẹ́ta, erùpẹ̀ apá òkè oko ń sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sí apá ìsàlẹ̀, lẹ́yìn òkìtì. Àgbẹ̀ á máa bu erùpẹ̀ inú yàrà lé òkìtì lórí kó lè máa ga sí i. Bó ṣe ń lọ ni apá òkè ń lọ sílẹ̀, tí apá ìsàlẹ̀ ń ga, títí ilẹ̀ tó wà láàárín òkìtì méjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Kò sẹ́ni tó gé òkè náà. Àgbàrá ló bá àgbẹ̀ ṣe é, àgbàrá tó ń jí ilẹ̀ gbé tẹ́lẹ̀ di lébìrà ọ̀fẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Uluguru kò sì lè ṣẹlẹ̀ níbí, torí pé orí ilẹ̀ ọlọ́ràá ló ń kóra jọ, erùpẹ̀ òkú kò bọ́ sójú, àfi díẹ̀ tó wà lára òkìtì.

Lórí òkìtì ni wọ́n ń gbin koríko sí kó lè dì í mú. Eèsún wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, torí màlúù ń jẹ ẹ́. Nínú yàrà, níbi tí omi ń dúró sí, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ. Ní ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lè gbádùn.

Iṣẹ́ ńlá ni, kí ẹnikẹ́ni má tan yín jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní oko hẹ́kítà kan tó dagẹ̀rẹ́ débi pé bí o bá rin 100 mítà, o ti sọ̀kalẹ̀ ní 12 mítà. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ní Kenya máa ní kí yàrà kan fi 1.5 mítà rẹlẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, ìyẹn á sì fi bí 12 mítà ààbọ̀ sáàárín wọn lórí ilẹ̀. Yàrà mẹ́jọ nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 mítà. Pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 800 mítà. Erùpẹ̀ tó máa jáde nínú rẹ̀ á lé ní 280 kúbíkì mítà. Bí ẹnì kan bá lè gbẹ́ mítà mẹ́ta irú rẹ̀ lóòjọ́, tó sì dà á sókè, iṣẹ́ bí oṣù mẹ́sàn-án ni, kò gbọdọ̀ sinmi ọjọ́ Sunday. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà, ó kéré tán, ló sì máa di yàrà àti òkìtì.

Bí wọ́n ṣe ń mú ìlà rẹ̀ náà gba sùúrù. Igi méjì tí gígùn wọn dọ́gba, okùn tó so wọ́n pọ̀, lẹ́fẹ̀lì bíi ti bíríkìlà tí wọ́n gbé kọ́ àárín okùn. Ẹni méjì á di igi mú, ẹnì kẹta á máa wo ìléròró inú lẹ́fẹ̀lì. Ẹni tó wà níwájú á sún sókè, á sún sódò, títí ìléròró á fi dúró sáàárín, wọ́n á kan èèkàn mọ́ ibẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síwájú. Ìlà tí èèkàn bá fà kì í gún. Ó máa ń lọ́ tẹ̀lé ara òkè ni. Àwọn tó bá fẹ́ kó gún kó lè rẹwà ló ń fi ọwọ́ ara wọn pe kòtò, torí omi gbogbo oko máa sáré lọ síbi tí ìlà bá ti rẹlẹ̀ jù, á sì já a. Ẹ̀wà tojú kọ́ ni ti ìpele.

Ilẹ̀ tó jìn ló wà fún. Bí ìdagẹ̀rẹ́ bá ti kọjá 20 nínú 100, tàbí tí àpáta bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, fanya juu kò ní í wúlò tó bẹ́ẹ̀, òkúta ni wọ́n ń tò níbẹ̀. Tí ojú ọ̀nà mọ́tò tàbí agbo ilé bá wà lókè oko, yàrà ńlá ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wà tó máa gba omi ibẹ̀ lọ síbi tó ní koríko, kó tó dé oko rárá.

Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà

Bí iṣẹ́ bá le tó báyìí, báwo ni àwọn tó kọ yàrà tó rọrùn ṣe wá gba èyí tó ṣòro?

Owó wà nínú rẹ̀. Lára àwọn Akamba tó bá Gẹ̀ẹ́sì ja ogun ni àwọn kan ti dé India, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n ti ń dáko lórí ìpele. Nígbà tí wọ́n padà délé, ọ̀kan nínú wọn ṣe ìpele sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ó gbin àlùbọ́sà sí i, ó sì jèrè gidi. Aládùúgbò tó rí owó àlùbọ́sà kò nílò kí ìjòyè pè é síta mọ́. Nairobi wà nítòsí, ó ń ra ẹ̀fọ́, ó ń ra èso. Ní 1954, ìjọba gbà pé kí àgbẹ̀ Akamba máa gbin kọfí, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbìn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé orí ìpele nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn ín sí. Títí di ọdún yẹn, ẹnu kan náà tó ń sọ pé kí àgbẹ̀ dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ gbin ohun tó máa jẹ́ kí ilẹ̀ náà tó dáàbò bò. Ìgbà tí kọfí bọ́ sí i ni ìpele di ohun tí ọmọ lè torí rẹ̀ lọ sílé ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà yí padà pẹ̀lú. Àwọn Akamba ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní mwethya. Ẹni tí ọwọ́ àáró tàbí ọ̀wẹ̀ bá yé kò nílò àlàyé púpọ̀: ará àdúgbò á kóra jọ, wọ́n á bá ọ ṣe iṣẹ́ rẹ, ìwọ náà á jáde nígbà tó bá kan tiwọn. Láàárín àwọn ọdún 1950, ìjọba fi ìwàásù àti ìtanràn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mwethya máa yan olórí wọn fúnra wọn, kí wọ́n sì pinnu oko tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti lọ ṣiṣẹ́ ní Nairobi tàbí nínú iṣẹ́ ológun. Obìnrin ni wọ́n ń yàn ṣe olórí nígbà mìíràn, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní tèmi o, mo gbà pé àyípadà yìí ṣe bẹbẹ ju owó tí ìjọba ná lọ. Yàrà tí o gbẹ́ lónìí, o mọ ẹni tó máa wá gbẹ́ tìẹ lọ́la, o sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dájú pé ti wọn ni iṣẹ́ náà ti dà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Kenya gba òmìnira ní 1963. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ohun tó bá jọ mọ́ ti amúnisìn ni àwọn ènìyàn ń kọ̀, yàrà náà wà lára wọn. Ìjọba tuntun kò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà. Kò pẹ́ kí wọ́n tó padà sí i, láìsí ìjòyè, láìsí ìtanràn. Àgbàdo Katumani, tó tètè ń gbó kí òjò tó dá, tí wọ́n ṣe ní ibùdó ìwádìí tó wà nítòsí Machakos ní àwọn ọdún 1960, ràn wọ́n lọ́wọ́, torí ìpele ń mú omi dúró, àgbàdo náà sì ń lo omi yẹn kó tó gbẹ. Owó Sweden dé fún ìdáàbòbò ilẹ̀ ní 1974, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 1978. Wọ́n pín irinṣẹ́, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ó dára. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìpele ibẹ̀, àgbẹ̀ ló gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí owó ara rẹ̀.

Mary Tiffen, Michael Mortimore àti Francis Gichuki ló kó gbogbo ẹ̀rí yìí jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994. Nínú ìṣirò wọn, láàárín 1930 sí 1990, iye ohun tí oko ń mú jáde fún ẹnì kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́ta, ti kìlómítà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn olùwádìí mìíràn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Nairobi ló gbé Machakos, pé owó oṣù àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló san owó yàrà, àti pé kì í ṣe gbogbo ilé ló jẹ nínú rẹ̀. Ilé tí kò ní ọmọ kankan nígboro kò rí owó lébìrà san, ilẹ̀ rẹ̀ lè wà láìní ìpele lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aládùúgbò tó ti tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ tálákà ló sì ṣí lọ sí apá Makueni, níbi tí òjò ti kéré jù, tí ìyà ibẹ̀ sì le. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò ba ìtàn náà jẹ́. Ẹni tó ń gba owó oṣù ní Nairobi lè fi ra mọ́tò, lè fi kọ́lé sígboro. Pé ó fi gbẹ́ yàrà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fi hàn pé ó gbà pé ilẹ̀ náà á san án padà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wá sílé

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá Machakos mu ló bá wa mu. Láti àwọn ọdún 1970 ni Rattan Lal, ọmọ India tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, ti ṣe ìwádìí lórí àgbàrá ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, lórí oko ìdánwò tí ìdagẹ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 15 nínú 100. Ohun tó rí ni pé bí a bá fi pòròpórò àgbàdo àti koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ dáadáa, tí a kò sì túlẹ̀, erùpẹ̀ tó ń lọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan kan, láìgbẹ́ yàrà rárá. Ohun tó fà á ni pé ohun tó bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí kíkán òjò lu erùpẹ̀ pa pọ̀, omi sì ń ráyè wọlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ púpọ̀ ní ìhà wa kò bá yàrà mu, torí òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà bíi mélòó kan. Ní Machakos, wọn kò lè fi pòròpórò bolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹran ló ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí oko rẹ̀ wà lára òkè Ìdànrè tàbí Èkìtì, kó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò tó mu dé orúnkún sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin káàkiri oko. Bí ọkọ́ bá kan òkúta wẹ́wẹ́ kó tó dé orúnkún, kó gbàgbé yàrà. Kó máa kọ ebè rẹ̀ gba ìbú òkè, kì í ṣe láti òkè wá sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe torí pé ó rọrùn fún ọwọ́. Kó fi lẹ́fẹ̀lì mú ìlà, kó gbin eèsún tí kò ní àyè láàárín sórí ìlà náà, kó sì fi gbogbo ohun tó bá ro nínú oko bolẹ̀. Koríko á máa sẹ́ erùpẹ̀ dúró lẹ́yìn ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ìpele á sì máa yọ. Bí ihò bá kọjá orúnkún tí ilẹ̀ sì ṣì rọ̀, kó pe àwọn alábàáró rẹ̀, kí wọ́n parí yàrà òkè pátápátá kí wọ́n tó bọ́ sí ti ìsàlẹ̀, torí bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, òjò alẹ́ kan lè kó omi gbogbo òkè wá já a kí ilẹ̀ tó mọ́.